Iṣẹ́ Ìyanu àti Iṣẹ́ Rere: Lámèyítọ́ Ìgbàgbọ́ Tí Ó Ń Ṣiṣẹ́, láti Iléṣà dé Iyaro

Àṣamọ̀

Ohun tí iṣẹ́ àpilẹ̀kọ yìí gbé yẹ̀wò ni ọ̀nà tí àwa olùkọ́ èdè àti lítíréṣọ̀ Yorùbá ń gbà ka ìgbàgbọ́ Kristẹni. A ṣe àkíyèsí pé iṣẹ́ ìyanu ni a máa ń rí kà, pé a kì í sì í ka iṣẹ́ rere sí ohun tí ó ní ìtàn. Ìjọ Church of God Mission, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ mọ́ Iyaro ní ìlú Bìní, àti ìlú Iléṣà tí okùn rẹ̀ kan ti wá, ni a fi ṣe àpẹẹrẹ. Èrò wa ni pé Iyaro kó ohun tí Iléṣà fi sí ilé méjì sábẹ́ òrùlé kan, àti pé ẹnu ọ̀nà ni ó yẹ kí á ti máa wọn iṣẹ́ rere, kì í ṣe òkè òrùlé.

Ìfáàrà

Iyaro kì í ṣe àjèjì sí ẹni tí ó bá ń wọ ọkọ̀ gba ìlú Bìní kọjá. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èrò ti ń sọ̀, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń wọ òmíràn. Ní ọjọ́ kan tí mo dúró de ọkọ̀ níbẹ̀, èyí tí mo wọ̀ kò tètè kún. Oníwàásù kan dé ẹnu ọ̀nà ọkọ̀, ó gbàdúrà fún ìrìn-àjò wa, ó sọ ìtàn arọ kan tí ó dìde rìn, ó gba ọrẹ, ó lọ. Ní gbogbo ìgbà tí èyí ń lọ lọ́wọ́, ìyá kan tí ó pọn ọmọ dúró sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, ó ń bẹ agbèrò pé owó òun kò pé. Gbogbo wa ṣe àmín kíkankíkan. Èmi náà ṣe é. Nígbà tí ọkọ̀ gbéra, ìyá náà kò sí nínú rẹ̀. Ohun tí ó kù kí owó rẹ̀ pé kò tó ìdajì ohun tí a sọ sínú àpò oníwàásù.

N kò sọ ìtàn yìí láti bú oníwàásù náà. Ó kọ ẹ̀yìn sí ìyá yẹn, kò rí i. Àwa tí a jókòó ni a rí i. Ìbéèrè tí mo sì gbé sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ náà, ìbéèrè lámèyítọ́ ni: kí ló dé tí ìtàn arọ fi wọ̀ wá létí tó bẹ́ẹ̀, tí ọ̀rọ̀ ìyá ọlọ́mọ kò sì jọ ìtàn lójú wa rárá? Ẹni méjèèjì ni ó nílò ẹsẹ̀ láti fi dé ibi tí ó ń lọ.

Àwa tí a ń kọ́ àwọn olùkọ́ ọ̀la ni ìbéèrè yìí kàn jù. Àwa ni a ń yan ìwé, àwa ni a ń ṣe ìbéèrè ìdánwò, àwa ni a sì ń sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ pé èyí ni kókó, tọ̀hún kì í ṣe kókó.

Ọ̀rọ̀ tí a fi ń pè é

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti inú èdè, nítorí ibẹ̀ ni mo rò pé ọ̀rọ̀ ti wọ́. Nígbà tí Yorùbá fẹ́ sọ ẹ̀sìn Kristi lórúkọ, ìgbàgbọ́ ni ó mú. Onígbàgbọ́ ni a ń pe ẹlẹ́sìn náà. Nígbà tí àwọn kan jáde tí wọ́n tẹra mọ́ àdúrà, a pè wọ́n ní Aládùúrà. N kò tíì gbọ́ ìjọ tí àwọn ará àdúgbò fi iṣẹ́ rere sọ lórúkọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìjọ tí ó ń ṣe é kò ṣọ̀wọ́n.

Ṣùgbọ́n bí a bá tú ọ̀rọ̀ náà wò, gbà ni, gbọ́ sì ni. Kí ni gbọ́ ń ṣe lẹ́nu Yorùbá? Bí ìyá bá rán ọmọ lómi, tí ọmọ dáhùn pé òun ti gbọ́, tí ó sì jókòó, ìyá kò ní sọ pé ọmọ gbọ́ ṣùgbọ́n kò ṣe. Ohun tí yóò sọ ni pé ọmọ yìí kò gbọ́ràn. Lọ́dọ̀ wa, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ni a fi ń mọ etí tí ó gbọ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní ohun tí Jákọ́bù ń bá àwọn ìjọ ìgbà tirẹ̀ jà lé lórí nínú orí kejì ìwé rẹ̀, níbi tí ó ti sọ̀rọ̀ ẹni tí ó wà ní ìhòòhò tí ebi ń pa, tí wọ́n kàn fi ọ̀rọ̀ dídùn sìn ín kúrò lẹ́nu ọ̀nà, kò nílò kí ó lọ jìnnà. Ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣoṣo nínú èdè wa ti sọ ọ́.

Èkejì ni ọ̀rọ̀-orúkọ náà, iṣẹ́. Àwọn tí wọ́n túmọ̀ Bíbélì sí èdè Yorùbá, tí Samuel Ajayi Crowther jẹ́ aṣíwájú wọn, títí odindi ìwé náà fi jáde ní 1884, lo iṣẹ́ fún ìyanu, wọ́n sì lo iṣẹ́ fún rere. Iṣẹ́ ìyanu, iṣẹ́ rere. Lójú gírámà, ọmọ ìyá ni wọ́n: orí àpólà kan náà ni, ẹ̀yán ni ó yàtọ̀. Ẹ ó sì rántí pé ohùn orí fáwẹ́lì àkọ́kọ́ nìkan ni ó ya iṣẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ìṣẹ́. Olùkọ́ tí ó bá fi àmì ohùn ṣeré níbí, òṣì ni yóò kọ síbi tí ó fẹ́ kọ làálàá sí. Mo ti rí i nínú ìwé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, níbi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé a gba Kristẹni níyànjú láti máa ṣe "ìṣẹ́ rere". Mo rẹ́rìn-ín, mo fi bírò pupa sí i. Ọ̀rọ̀ náà kò sì yé pa mí lẹ́rìn-ín lọ́nà tí kò dùn mọ́ mi nínú.

Ẹ̀kẹta, ẹ̀sìn àti ìsìn, láti ara sìn ni wọ́n ti wá. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ bí a ṣe ń lo ìsìn lónìí: a ń lọ sí ìsìn, ìsìn bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́sàn-án, ìsìn parí, a túká. Ó ti di ohun tí a ń lọ bá níbì kan. Ta ni a sìn láti aago mẹ́sàn-án sí aago méjìlá? Kò sí ẹni tí ó ń béèrè.

Inú ìwé àti inú fíìmù

Ojú kan náà ni a fi ń wo lítíréṣọ̀. Ẹ mú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmọlẹ̀ tí D. O. Fágúnwà kọ, tí ó jáde ní 1938. Olùkọ́ ni Fágúnwà, ilé-ẹ̀kọ́ St. Andrew's ní Ọ̀yọ́ tí ìjọ CMS dá sílẹ̀ ni ó ti kọ́ṣẹ́ olùkọ́, ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ sì kún inú ìwé rẹ̀ bámúbámú. Ayọ̀ Bámgbóṣé ti ṣe àlàyé èyí ní 1974 nínú ìwé rẹ̀ lórí àwọn ìtàn Fágúnwà, àwọn mìíràn sì ti tẹ̀lé e. Ohun tí a kì í tẹnu mọ́ tó ni pé ìrìn-àjò sí Òkè Láńgbòdó, iṣẹ́ ìlú ni. Ọba ni ó rán wọn, ire ìlú ni wọ́n ń wá lọ. Akàrà-ògùn kò lọ nítorí ikùn ara rẹ̀.

Nínú ìrìn-àjò ire yìí kan náà ni Kàkó ti fi àdá gé obìnrin tí ó dì mọ́ ọn, tí ó ń bẹ̀ ẹ́ kí ó má fi òun sílẹ̀. Ó gé e, ó sì bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ ṣe iṣẹ́ ìlú. Bí mo bá béèrè nípa Kàkó nínú ìdánwò, agbára rẹ̀ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń kọ sílẹ̀, àti kùmọ̀ rẹ̀. Obìnrin yẹn kì í sí níbẹ̀. N kò sọ pé Fágúnwà fọwọ́ sí ohun tí Kàkó ṣe. Ohun tí mo ń sọ ni pé òkú ẹni tí ó sún mọ́ Kàkó jù lọ wà lójú ọ̀nà iṣẹ́ rere rẹ̀, a sì ń gbé ẹsẹ̀ kọjá lórí rẹ̀ bí a ṣe ń kàwé lọ.

Tí a bá ti orí ìwé bọ́ sí orí fíìmù, ìjà agbára ni a ó bá. Agbára Ńlá tí ẹgbẹ́ Mount Zion ti Mike Bámilóyè ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 ni ó la ọ̀nà náà fún ọ̀pọ̀ tí ó tẹ̀lé e: ajíhìnrere dojú kọ babaláwo, agbára pàdé agbára, èyí tí ó ga jù borí. Fíìmù náà dára, ó mú wa lọ́kàn nígbà náà, n kò sì mọ iye ọmọ tí orúkọ Ìṣawúrú kò jẹ́ kí ó dá sùn lóru. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi wá fíìmù Yorùbá onígbàgbọ́ kan tí ó jẹ́ pé nọ́ọ̀sì tí kò rí owó oṣù gbà, tí ó sì ń lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́, ni akọni rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìṣòro àwọn òṣèré nìkan kọ́ ni èyí. Iṣẹ́ ìyanu ní ìbẹ̀rẹ̀, ó ní rògbòdìyàn, ó ní òpin. Gbogbo ohun tí a kọ́ wọn pé ìtàn gbọ́dọ̀ ní ni ó ní. Iṣẹ́ rere máa ń pẹ́, ó sì máa ń sú ènìyàn.

Iléṣà: ilé méjì

Ẹni tí ó bá fẹ́ rí bí iṣẹ́ méjèèjì ṣe di ilé méjì, kí ó lọ sí Iléṣà. Ní 1930 ni ìsọjí ńlá bẹ́ sílẹ̀ ní Òkè-Ooyè. Joseph Ayọ̀ Babalọlá, tí ó ti ń wa ẹ̀rọ tí ń tẹ ọ̀nà kí ìpè tó dé bá a, ni ó wà níwájú. Èrò ya dé láti ìlú gbogbo pẹ̀lú àmì àti agogo, wọ́n ń wá omi tí a gbàdúrà sí. Àwọn aṣíwájú ìsọjí náà di ìwòsàn nípa àdúrà nìkan mú gírígírí. Nígbà tí wọ́n rí i pé àwọn míṣọ́nnárì aláwọ̀ funfun tí wọ́n pè láti ìjọ Àpọ́sítélì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń lo kúnínì láti fi dènà ibà, ọ̀rọ̀ di àríyànjiyàn. Kí àwọn ọdún 1940 tó rìn jìnnà, ìjọ ti pín, apá kan sì di èyí tí a mọ̀ lónìí sí Christ Apostolic Church. J. D. Y. Peel kọ ìtàn yìí ní kíkún nínú Aladura (1968). Kóró kúnínì kan tí kò ju èékánná lọ ni ó wà láàárín àwọn ènìyàn tí wọ́n ń sin Ọlọ́run kan náà.

Ní ìlú kan náà ni ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ti ní ilé ìwòsàn Wesley Guild. Níbẹ̀ ni dókítà David Morley ti ṣiṣẹ́ láàárín 1956 sí 1961. Ohun tí ó ṣe ní Ìmẹ̀sí-Ilé, tí kò jìnnà sí Iléṣà, yẹ kí gbogbo olùkọ́ mọ̀ ọ́n. Kò dúró kí ọmọ ṣàìsàn kí wọ́n tó gbé e wá. Ó dá ibi ìtọ́jú àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún sílẹ̀, níbi tí a ti ń wo ọmọ tí ara rẹ̀ le àti ọmọ tí ara rẹ̀ kò le papọ̀. A kọ́ àwọn obìnrin ìlú náà bí a ṣe ń wọn ọmọ. A ń fa ilà ìwọ̀n ọmọ sórí káàdì kan, káàdì náà kì í sì í ṣe ti ilé ìwòsàn: ìyá ni ó ń gbé e lọ sílé, òun ni ó ń tọ́jú rẹ̀. Bí ilà bá ń gòkè, ọkàn ìyá balẹ̀. Bí ó bá tẹ̀ sísàlẹ̀, a ti mọ̀ kí àìsàn tó wọlé. Láti Ìmẹ̀sí-Ilé ni irú káàdì bẹ́ẹ̀ ti tàn dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ayé. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ wà láàárín wa, tí ẹ ṣì ní káàdì tí wọ́n fi wọn ọmọ yín ní ibùdó ìlera nínú àpótí, ẹ bi ara yín ibi tí ó ti ṣẹ̀.

Ilé àdúrà, ilé ìwòsàn. Ìlú kan ni, ilé méjì. Ẹni tí ó lọ sí ọ̀kan máa ń wo ẹni tí ó lọ sí èkejì bí aláìgbàgbọ́ tàbí bí aláìmọ̀kan.

Iyaro: òrùlé kan

Ní 1937 ni míṣọ́nnárì Sydney Granville Elton dé sí Iléṣà. Ibẹ̀ ni ó gbé títí ó fi kú ní 1987, Pa Elton ni gbogbo ènìyàn sì ń pè é. Nínú àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó tọ́ sọ́nà ni ọmọ Bìní kan tí ó ti ṣiṣẹ́ rí ní ilé-iṣẹ́ bàtà Bata wà: Benson Idahosa, tí wọ́n bí ní 1938. Báyìí ni okùn Iléṣà ṣe dé Bìní. Ìjọ Church of God Mission tí Idahosa dá sílẹ̀ ní 1968 kéré ní ìbẹ̀rẹ̀. Iyaro ni ó ti gbilẹ̀, tí orúkọ àdúgbò náà fi di ohun tí a ń gbọ́ lẹ́nu àwọn onígbàgbọ́ ní ilẹ̀ Yorùbá. Ní 1971 Idahosa lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ Bíbélì Christ for the Nations ní Dallas, ní Amẹ́ríkà, kò pẹ́ níbẹ̀ tí ó fi padà sílé. Lẹ́yìn náà ni ó dá ilé-ẹ̀kọ́ Bíbélì tirẹ̀ sílẹ̀ ní Bìní. Nicholas Duncan-Williams ti ilẹ̀ Gánà kẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀. Ní 1988, Idahosa ni ó fi David Oyèdépò jẹ bíṣọ́ọ̀bù.

Ohun tí a mọ̀ ọ́n mọ́ ni ìyanu. Ètò rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n, ìtàn òkú tí ó jí, aṣọ rẹ̀ tí ń dán, ohùn rẹ̀ tí kì í bẹ ẹnikẹ́ni: bí àwọn tí wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ ṣe ń sọ ọ́ ni àwọn tí kò fẹ́ràn rẹ̀ ń sọ ọ́. Àwọn onímọ̀ náà kò yàtọ̀. Paul Gifford, nínú ìwé tí ó kọ lórí àwọn ìjọ tuntun ní Gánà (2004), rí ìwàásù àṣeyọrí àti ọlà gẹ́gẹ́ bí ọkàn irú àwọn ìjọ báyìí. Ó rí òótọ́. Ṣùgbọ́n ó tún ku apá kan tí Miller àti Yamamori rí nígbà tí wọ́n rin orílẹ̀-èdè púpọ̀ já láti kọ Global Pentecostalism (2007): ìjọ tí ń fọ èdè àjèjì láàárọ̀, tí ó sì ń bọ́ ọmọ aláìlóbìí ní ọ̀sán.

Ẹ jẹ́ kí á ka ohun tí Idahosa kọ́ sílẹ̀ bí a ṣe ń ka ìwé. Ilé ìwòsàn kan wà, Faith Mediplex ni orúkọ rẹ̀. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ wà tí a fi ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́ sọ lórúkọ, Word of Faith. Yunifásítì wà, tí ó jẹ́ ìgbàgbọ́ náà ni wọ́n kọ́kọ́ fi sọ ọ́, kí ó tó di Benson Idahosa University. Olùdásílẹ̀ kú ní oṣù kẹta 1998. Ní 2002 ni ìjọba àpapọ̀ fún yunifásítì náà ní ìwé àṣẹ. Ọkùnrin tí ó ń sọ fún aláìsàn pé kí ó dìde ni ó kọ́ ibi tí aláìsàn yóò dùbúlẹ̀ sí. Ó sì kọ orúkọ ìgbàgbọ́ sí ara ògiri ilé ìwòsàn, ibi tí àwọn baba ìsọjí Òkè-Ooyè ì bá ti kọ àìnígbàgbọ́ sí. Lójú tèmi, gbólóhùn tí ó lágbára jù lọ nínú gbogbo iṣẹ́ Idahosa ni èyí, kò sì sí nínú ìwàásù kankan. Orúkọ ilé ìwòsàn náà ti parí àríyànjiyàn kúnínì tí ó fọ́ ìjọ ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún kí Church of God Mission tó bẹ̀rẹ̀. (Ìjọ Christ Apostolic náà kò dúró sójú kan. Láti 2006 ni wọ́n ti ní yunifásítì tí ó ń jẹ́ orúkọ Babalọlá. Ẹ̀rọ tí ń tẹ ọ̀nà ti tẹ̀ ẹ́ dé ibẹ̀.)

Ẹnu ọ̀nà

Ibi tí mo ti fẹ́ yà kúrò lọ́dọ̀ àwọn tí ń yin ìjọ nìyí. Ilé tí a kọ́ kì í ṣe iṣẹ́ rere. Ilé ni. Ará Samáríà inú ìwé Lúùkù orí kẹwàá gbé ẹni tí àwọn ọlọ́ṣà lù lọ sí ilé èrò. A kò kà á níbì kankan pé ó kọ́ ilé èrò. Ohun tí ó ṣe ni pé ó san owó, ó sì ṣèlérí pé òun yóò padà wá san èyí tí ó bá kù. Bí ó bá jẹ́ pé òun ni ó ni ilé èrò náà, tí onílé sì béèrè owó ìdákalẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ń ṣẹ̀jẹ̀ kí ó tó wọlé, ìtàn mìíràn nìyẹn.

Ẹ wo àwọn yunifásítì ìjọ: Babcock ní 1999, Bowen ní 2001, Covenant àti Benson Idahosa ní 2002, Redeemer's àti Ajayi Crowther ní 2005. Wọ́n ń kọ́ ọmọ dáadáa, ìdaṣẹ́sílẹ̀ kì í sì í dá ètò ẹ̀kọ́ wọn dúró bí ti àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba tí èmi àti ẹ̀yin wà. N kò ní fi irọ́ bò ó. Owó oúnjẹ, owó oṣù olùkọ́ àti epo jẹnerétọ̀ kì í ti ọ̀run bọ̀, ẹnì kan ni ó gbọ́dọ̀ san án. Síbẹ̀, káàkiri ilẹ̀ yìí, àwọn tí ìdámẹ́wàá wọn wà nínú bíríkì irú ilé báwọ̀nyí pọ̀ tí owó oṣù wọn kò lè san owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ kan níbẹ̀. Alágbàṣe, alátẹ, olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Kò sí ìjọ kan tí mo fi èyí sùn. Ọ̀rọ̀ gbogbo wa ni.

Kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun. Láti ìgbà tí CMS ti dá Grammar School sílẹ̀ ní Èkó ní 1859 ni ilé-ẹ̀kọ́ míṣọ̀n ti ń yan ẹni tí yóò wọlé, J. F. Ade Ajayi tilẹ̀ fi í sínú àkọlé ìwé rẹ̀ ti 1965, ó ní àwùjọ ọ̀tọ̀kùlú tuntun ni àwọn míṣọ̀n ń dá sílẹ̀. Nígbà wo ni ẹnu ọ̀nà ṣí gbayawu? Ní oṣù kìíní 1955, nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Nínú ọ̀pọ̀ ibi, àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ náà ni àwọn ọmọ ọ̀hún wọ̀: ìjọ ni ó ni ilé àti olùkọ́, ìjọba ni ó ń sanwó. Ní àwọn ọdún 1970, ìjọba gba àwọn ilé-ẹ̀kọ́ náà pátápátá. Nígbà tí ìjọ tún padà sídìí ẹ̀kọ́ ní ogúnlọ́gọ̀, ọjà ni wọ́n bá níbẹ̀, wọ́n sì bá ọjà lọ. Ẹni tí ó ń sanwó fún ọmọ tí kò ní ni a kò tíì rí dípò rẹ̀.

Ìdí nìyí tí káàdì Ìmẹ̀sí-Ilé fi ń gbé mi lọ́kàn ju ilé gogoro lọ. Wọ́n kọ́ nǹkan díẹ̀, wọ́n wọn ọmọ púpọ̀. Ohun tí ó ṣe pàtàkì jù lọ wà lọ́wọ́ ìyá, nínú ilé rẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹnì kan yóò sọ pé ilé ìwòsàn ńlá ni ó wà lẹ́yìn ibùdó kékeré yẹn, pé láìsí Wesley Guild kò sí Ìmẹ̀sí. Òótọ́ ni. Ìbéèrè tí ó kù ni bóyá Wesley Guild ni ó jáde lọ bá Ìmẹ̀sí, tàbí Ìmẹ̀sí ni ó gbọ́dọ̀ wá owó kó wá bá Wesley Guild.

Nínú kíláàsì wa

Bí a bá tú àwọn ìbéèrè ìdánwò wa wò, ti Yorùbá àti ti ẹ̀kọ́ ìmọ̀ Kristẹni, a ó rí i pé a máa ń ní kí akẹ́kọ̀ọ́ to iṣẹ́ ìyanu sílẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Èmi náà ti ṣe irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ fún ọdún púpọ̀. Ó rọrùn láti máàkì. Ní ìgbà tí ọ̀rọ̀ Iyaro kò tíì kúrò lọ́kàn mi, mo fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ní iṣẹ́ àmúrelé kan. Mo ní kí olúkúlùkù lọ dúró ní ìtòsí ẹnu ọ̀nà ibìkan tí a fi orúkọ Ọlọ́run kọ́, ilé-ẹ̀kọ́, ilé ìwòsàn tàbí ilé ọmọ aláìlóbìí, láti òwúrọ̀ di ọ̀sán, kí ó kọ ẹni tí ó wọlé àti ẹni tí ó padà, kí ó sì kọ ọ́ bí ìtàn, láìdárúkọ ẹnikẹ́ni. Àwọn kan bínú. Wọ́n ní èyí kì í ṣe lítíréṣọ̀. Ọ̀kan kọ ìtàn ìyanu tí ó gbọ́ ní ilé ìjọsìn rẹ̀, ó fi ránṣẹ́.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan kọ ojú ìwé mẹ́rin nípa olùṣọ́ ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn kan. Bàbá arúgbó kan dé, owó káàdì kò pé lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ní kí ó lọ wá a wá. Olùṣọ́ pè é sẹ́yìn àhéré rẹ̀, ó tú ìdí ṣòkòtò, ó ka owó lé e lọ́wọ́, ó sì pariwo mọ́ ọn pé kí ó má dúró sójú ọ̀nà mọ́, kí ẹnikẹ́ni má bàa fura. Bàbá náà wọlé. Olùṣọ́ padà sórí àga rẹ̀. Kò jẹun ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn. Akẹ́kọ̀ọ́ náà kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun ṣọ́ ọ.

Nígbà tí ó kà á nínú kíláàsì, ìjà dé. Apá kan ní ilé ìwòsàn ni ó yẹ kí á yìn, nítorí bí kò bá sí i, bàbá náà kì bá rí ibi tí yóò wọ̀. Apá kejì ní olùṣọ́ ni, nítorí bí kò bá sí òun, ilé ìwòsàn náà ìbá wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ògiri lásán. Ọmọbìnrin kan tí kì í sábà sọ̀rọ̀ béèrè pé ṣé olùṣọ́ náà tilẹ̀ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹni tí ó kọ ìtàn náà ní òun kò bi í. Aago lu, a kò tíì parí rẹ̀, mo sì ní kí wọ́n gbé e wá lọ́sẹ̀ tí ń bọ̀.